Ẹtu Oníìda Inú Igbó Àìwẹ̀yìn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó sẹ́yìn mi, kí ó jọ̀wọ́ dìde, kí ó bọ́ síwájú, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti ti Igbó Àìwẹ̀yìn dé, n kì í fẹ́ kí èémí ẹnikẹ́ni kàn mí lọ́rùn. Ẹ ṣeun. Ọdẹ́rìndé ni orúkọ mi, ọmọ Ògúnjìnmí. Ìwé kẹrin ni mo kà kí ìbọn tó gba gègé lọ́wọ́ mi. Mo ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, mo sì ti ń ṣe ọdẹ láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù. Ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi pé ojo ni mí. N kò bá wọn jà. Àwọn mẹ́ta tí ó kọ́kọ́ pè mí ní ojo, ẹranko ti jẹ méjì, ẹ̀kẹta ń fi igi rìn. Ọdẹ tí ó bá ní ẹ̀rù kì í ba òun, ẹran ni kò tíì rí i dáadáa. Ní tèmi, bí ewé bá já, mo ti wà lórí igi. Bí igi bá mì, mo ti wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà láàyè tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ẹran ni mo wá lọ sí igbó yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìbídùn, ọdún mẹ́rin ni ó fi jù mí lọ. Òun ni olórí àwọn obìnrin tí ń kun ògiri Ilé Olódò, ilé òrìṣà odò, ní ìlú wa, Ìlódò. Lọ́dọọdún, kí ọdún odò tó dé, wọ́n á po ẹfun, wọ́n á lọ osùn, wọ́n á gún èédú, wọ́n á da omi èèpo irúgbá tí wọ́n ti sè sí i kí ó lè di ògiri mú, wọ́n á wá kun ejò, ẹyẹ, ìràwọ̀ àti ewé sára ògiri náà. Lọ́dọọdún, òjò á fọ̀ ọ́ dànù. Kò dun ẹnikẹ́ni; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ojú Ìbídùn ti ń funfun. Ó ń kun ẹyẹ lé orí ejò. Àwọn obìnrin á dúró kí ó lọ, wọ́n á pa á rẹ́, wọn kò ní sọ fún un. Ó mọ̀. Nọ́ọ̀sì ti wo ojú náà, ó ní ó ti kọjá oògùn. Àwọn obìnrin sì ti ṣe ìpàdé, wọ́n ní kí Àjọkẹ́, tí ó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn níbi iṣẹ́, gba ògiri lọ́dún yìí, kí ẹ̀gbọ́n wọn máa jókòó, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ fún un. Ó gbọ́ èyí náà. Etí rẹ̀ kò dí ní tirẹ̀.

Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Ọdẹ́rìndé, ìyá ìyá wa sọ fún mi pé àwòrán kan wà nínú Igbó Àìwẹ̀yìn tí òjò kì í fọ̀. Ó ní ìda oyin ni wọ́n fi kùn ún. Lọ wò ó. Kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é, kí o wá kọ́ mi kí ojú yìí tó pa dé.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rán ẹlòmíràn.”

“Ta ni kí n rán? Àwọn ọdẹ tó láyà, wọ́n á lọ, wọn ò ní í padà. Ìwọ, mo mọ̀ pé wàá padà. O ò tiẹ̀ ní í pẹ́.”

“Ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Mò ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ń bẹ̀ ẹ́. Méjèèjì ni. Àbúrò mi, bí n kò bá lè kun nǹkan mọ́, àpótí ìjókòó ni mí. Wọ́n á gbé mi sí òòji, wọ́n á gbé mi sí oòrùn.”

Mo mú ìbọn ṣakabùlà mi, mo lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀nà. Ohun tí mo jẹ àti ibi tí mo sùn kò kan ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo dé etí odò kékeré kan, mo rí ẹni kan tí ó jókòó lórí òkúta. Ojú wà lórí rẹ̀, imú wà, kò sí ẹnu. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ẹnu wà, eyín méjìlélọ́gbọ̀n pé síbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á na ọwọ́ sí ọ bí ẹni fẹ́ gba nǹkan. Bí ó bá fẹ́ dákẹ́, á di ẹ̀ṣẹ́. Ẹlẹ́nu-lọ́wọ́ ni mo pè é nínú ara mi. N kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti ń yí padà sílé, ṣùgbọ́n ó ti na ọwọ́.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, ẹ jọ̀ọ́.”

“Èmi mélòó ló wà láyé?”

“Ọdẹ ni mí, bàbá.”

“Ta ni bàbá ẹ? Ṣé mo fẹ́ ìyá ẹ ni? Ó dáa. Òkú igi gbé ẹgbẹ̀rún ènìyàn mì, gbogbo wọn ń kọrin nínú ikùn rẹ̀. Kí ni? Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọjá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ yìí ò tíì jẹun láàárọ̀.”

Ẹ̀yin ará, ká ní ọdẹ mìíràn ni ó ń sọ ìtàn yìí fún yín, á ní òun fọwọ́ lérán, òun ronú, òun já àlọ́ náà. Èmi kò ronú. Kòkòrò kan bà lé mi nímú. Mo yí ojú wò ó, mo rí i pé oyin ni, mo sì figbe ta: “Oyin! Oyin ni! Ẹ gbà mí o!” Ẹlẹ́nu-lọ́wọ́ ya ọwọ́ sílẹ̀, kò lè pa á dé. “O já a,” ó ní, inú rẹ̀ kò dùn rárá. “Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń pa àlọ́ yìí. Kọjá. Ṣùgbọ́n má wẹ̀yìn o. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn nínú igbó yìí, ibẹ̀ ni yóò máa wò títí láé.” Mo kọjá. N kò wẹ̀yìn. Ọrùn mi le bí igi ìrókò.

Ọ̀sán gangan ni mo rí ẹtu kan. Ó dúró nídìí àràbà ńlá kan, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè díẹ̀, etí rẹ̀ kan kọ sí ọ̀dọ̀ mi. Ojú rẹ̀ tutù. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn lára irun rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹran ni wọ́n rán mi. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni ìka mi ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kì í bi mí léèrè. Bí ọdẹ bá ti bá ẹran ṣe ojú mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ti parí lọ́dọ̀ ìka. Ìbọn dún. Èéfín bò mí. Nígbà tí èéfín ká, ẹtu náà wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà lókè. Kò ṣubú. Kò sá. Ihò kan wà ní èjìká rẹ̀, ohun tí ó sì ń ti inú ihò náà jáde kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Òórùn oyin ni.

Mo rìn lọ, ẹsẹ̀ kan, mo dúró. Ẹsẹ̀ kan, mo dúró. Mo fọwọ́ kàn án. Ìda ni. Àwòrán ni. Mo wo inú ihò tí mo lu, mo rí ìpele lórí ìpele: pupa osùn, aró ẹ̀lú lábẹ́ rẹ̀, ẹfun lábẹ́ ìyẹn, bí etí ojú ewé ìwé tó nípọn. Ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú wọn lọ, ó ń padà jáde. Ìdí nìyẹn tí ojú ẹran náà fi tutù. Ìgbà yìí ni mo wá rí i pé gbogbo ìdí àràbà náà ni wọ́n ti kùn. Odò wà níbẹ̀, ìtàkùn wà, ewé wà tí èyí tó wà lẹ́yìn ń hàn láti ara èyí tó wà níwájú. Àwọn ọdẹ mẹ́ta sì wà láàrin ewé náà, ìbọn wà léjìká wọn, gbogbo wọn yí ọrùn wẹ̀yìn. Ẹyinjú wọn ń tẹ̀lé mi.

“Ta ló yin ọmọ mi níbọn?”

Arúgbó obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn gbòǹgbò. Kò ga ju odó lọ. Oyin ni ó fi wé gèlè, wọ́n ń kùn yunmuyunmu yí orí rẹ̀ ká. Orí ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ́n bí ẹyín iná. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé Afọwọ́yọ́da ni orúkọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ dárí jì mí, ìyá. Mo ṣe bí ẹran ni.”

“Ọdún méje ni mo fi kùn ún. O ṣe bí ẹran ni.” Ó yọjú wo ihò náà. “Ṣé ó jọ ẹran tó bẹ́ẹ̀?”

“Ó jọ ọ́, ìyá. Mo ti ń ro bí n ó ṣe gbé e délé.”

“Hùn-ún.” Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn díẹ̀, kò sì fẹ́ kí n mọ̀. “Kí lo wá ṣe níbí?”

Mo sọ ọ̀rọ̀ Ìbídùn fún un. Ó gbọ́ ọ tán. Ó na ìka kan sí àwọn ọdẹ inú igi. “Àwọn yẹn náà wá kọ́ iṣẹ́. Wọ́n parọ́ fún ìda. Nígbà tí ó dà wọ́n, wọ́n sá, wọ́n sì wẹ̀yìn. Ìwọ, dí ihò tí o lu. Ìpele méje, kí oòrùn tó wọ̀. Bí o bá dí i, o ti kọ́ iṣẹ́, máa lọ. Bí o kò bá dí i, àyè kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.”

Ó wá fi iṣẹ́ náà hàn mí. Ìda oyin wà nínú ìkòkò kékeré lórí iná, ó fi oje igi díẹ̀ sí i kí ó lè le. Ó ní àwo osùn, àwo ẹfun, àwo ẹ̀lú àti ti èédú. Ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó so mọ́ igi ni a fi ń kùn ún. “Fi í lé e ní tín-ín-rín,” ó ní. “Lẹ́yìn náà, gbé ẹyín iná sínú àpáàdì, gbé e kọjá níwájú rẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kó kàn án. Ti òkè gbọ́dọ̀ yọ́ díẹ̀ kí ó lè mọ ti ìsàlẹ̀. Bí wọn kò bá mọra, lọ́la ni yóò ṣí. Bí iná bá pọ̀, gbogbo wọn á ṣàn di ọ̀kan, kò ní í sí ẹtu mọ́. Bí o bá sì ti ń fi ìpele kọ̀ọ̀kan lé e, kí o sọ ohun kan tí o fi ojú ara rẹ rí nínú igbó. Ìda tèmi kì í lẹ̀ mọ́ irọ́.”

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ àwa ọdẹ. Tí ẹ bá ní ká má parọ́, ẹ ní ká má sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ti ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ bọ ìda ẹlẹ́fun, mo fi í sí ihò, ẹnu mi sì ṣí fúnra rẹ̀: “Mo ti fi ọta kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n.” Ìda náà yọ̀ bọ́ lára igi, ó bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Ó gbóná. Mo fò.

“Ọta mélòó?” arúgbó náà bèèrè.

“Méjì ni, ìyá.” Ó tún yọ̀ bọ́. Ẹsẹ̀ kejì.

“Ọdẹ, ẹsẹ̀ méjì péré ni o ní o.”

“Bàbá mi ló pa á! Orí igi ni mo wà! Mo di ojú!”

“Bí o bá di ojú, o ò rí i nìyẹn. Sọ ohun tí o rí.”

Mo dúró. Mo ronú. “Lẹ́yìn tí ìbọn dún, mo rí koríko tí ẹfọ̀n náà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń dìde padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.” Ìda lẹ̀. Mo gbé ẹyín iná kọjá, ó dán, ó mọ ti ìsàlẹ̀. Ìpele kan.

Láti ibẹ̀, n kò wá ohun ńlá mọ́. Mo ní mo ti rí ìrì lórí ewé kókò, tí ó ń yí kiri bí ẹni ń wá ọ̀nà àtijáde. Ó lẹ̀. Mo ní mo ti rí èèrà tí wọ́n gbé ìyẹ́ labalábá kọjá ọ̀nà, wọ́n gbé e dúró ṣánṣán, afẹ́fẹ́ fẹ́ wọn wó, wọ́n tún gbé e. Ó lẹ̀. Mo ní mo ti rí ìkùukùu àárọ̀ lórí odò, tí lékeléke dúró lórí rẹ̀ láìlẹ́sẹ̀. Ó lẹ̀. Ní ìpele karùn-ún, mo ní: “Mo ti rí ẹtu tí ó ń lá ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ìbọn wà lọ́wọ́ mi. N kò yìn ín. Mo délé, mo ní n kò rí ẹran.” N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìda náà lẹ̀ kí n tó gbé ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Bí àwa ọdẹ ti ń bá oyin ṣe ni iná ńlá: a ó di ògùṣọ̀, a ó lé oyin, a ó jẹ afárá, a ó tu ìda dànù. N kò gbà pé iná kékeré lè ṣe iṣẹ́. Ní ìpele kẹfà, mo sọ bí mo ti rí oòrùn tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láàrin igi bí ọ̀pá, eruku ń jó nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, ó lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kó ẹyín iná kún àpáàdì, mo sì gbé e sún mọ́ ọn jù. Èjìká ẹtu náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó ṣàn dé àyà. Ọrùn rẹ̀ ń gùn sí i. Àwọn ọdẹ inú igi la ẹnu. Arúgbó náà kò mira. “Ìyá, ẹ gbà mí!” Mo sọ àpáàdì nù, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì di ọrùn ẹtu náà mú.

Ẹ gbọ́ o. Ìbẹ̀rù ti sọ ọwọ́ mi di omi inú àmù láti ìgbà tí mo ti rí obìnrin yìí. Ó tutù dé eegun. Ìda náà kan ọwọ́ mi, ó dúró. Kò ṣàn mọ́. Bí mo ti gbé ọwọ́ kúrò, ipa rẹ̀ wà lára ọrùn ẹtu náà, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tòun ti ilà àtẹ́lẹwọ́. Afọwọ́yọ́da wá, ó wò ó pẹ́. “Ọwọ́ tèmi kò lè ṣe èyí láéláé,” ó ní. Ó dà bí ẹni pé ó ń jowú. “Ó ku ọ̀kan.”

Mo kun ìpele keje. Mo ní: “Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú rí.”

“Mo rí i, ìyá. Lójoojúmọ́ ní ọ̀nà ni mò ń rí i. Mo délé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé iṣẹ́ yìí síwájú rẹ̀, kò mọ̀ pé mo gbé nǹkan síwájú òun.”

Ìda náà lẹ̀. Ó bu ìṣù ìda kan tó tó orí ọmọdé fún mi, ó yọ́ padà sẹ́yìn gbòǹgbò.

Bí mo ti fẹ́ máa lọ ni àwọn ọdẹ inú igi bẹ̀rẹ̀. “Ọdẹ́rìndé! Ọmọ Ògúnjìnmí! Nǹkan kan ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ o!” Ẹ̀yin ará, ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní wẹ̀yìn? Èmi yìí, tí n kì í lè fi ẹ̀yìn fún ewúrẹ́! Mo mọ̀ pé bí mo bá rìn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ọrùn mi yóò yí. Nítorí náà n kò yí padà rárá. Mo kọjú sí wọn, mo sì ń fi ẹ̀yìn rìn. Ohun tó wà lẹ́yìn mi ni ilé. Ohun tó wà níwájú mi ni gbogbo ohun tí ń dẹ́rù bà mí, mò ń wò ó kòrókòró. Mo fi ìpàkọ́ gbá igi títí. Bí mo ti fi ẹ̀yìn bọ́ sínú odò kékeré yẹn ni mo gbọ́ ohùn Ẹlẹ́nu-lọ́wọ́.

“Ọdẹ, ṣé ò ń bọ̀ ni àbí ò ń lọ?”

“Mò ń bọ̀, bàbá.”

“Máa bọ̀ nígbà náà. Ojú ẹ kọ sí inú igbó, n ò ní dá ẹ dúró.” Ó di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn gun etí odò, mo fi ẹ̀yìn wọ igbó wa, n kò yí padà títí mo fi gbọ́ tí àkùkọ ìlú ń kọ.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ọdún odò pé. Ìbídùn jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró níwájú rẹ̀, ó sì ń wo apá ibòmíràn. Ojú náà ti pa dé ní ọjọ́ kejì tí mo lọ.

“Òórùn oyin ni mò ń gbọ́,” ó ní. “Ọdẹ́rìndé ni?”

“Èmi ni. Mo pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi.”

“O pẹ́. Ṣe é kí n gbọ́.”

Mo gbé pákó ilẹ̀kùn àtijọ́ kan kalẹ̀, mo dá iná, mo yọ́ ìda, mo po ẹfun àti osùn, mo kun ẹtu kan. Mo ń ṣàlàyé bí mo ti ń ṣe é. Kò dára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ara wọn lọ, mo sì jó pákó náà níbi mẹ́ta. Ìbídùn ń gbọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, ó na ọwọ́, ó wá pákó náà títí ó fi kàn án. Ìda náà kò tíì tutù tán. Ìka rẹ̀ gba ẹsẹ̀ lọ, ó gba ẹ̀yìn, ó dé etí, ó padà, ó dúró ní ikùn.

“Ẹtu ni,” ó ní. “Ó lóyún.”

“N kò kun oyún. Ìda ló pọ̀ jù níbẹ̀.”

“Ó lóyún, mo ní. Sún kúrò níbi iná.”

Ó gba ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n to àwo àwọ̀ náà, kí n sì má ṣe yí ipò wọn padà. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni ó fi ń mọ iná. Èmi tí mo ní ojú, mo jó pákó lẹ́ẹ̀mẹta. Òun kò jó o lẹ́ẹ̀kan. Bí ìpele kan bá ti mọ èkejì, ìka rẹ̀ á sọ fún un, á tẹ̀síwájú. Ní ọjọ́ kejì ni Àjọkẹ́ wọlé, ó gbé oúnjẹ wá. Ó rí ẹyẹ tí Ìbídùn ti kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹtu náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló bá yín wo iná?”

“Awọ ara mi.”

“Ta ló fi ibi tí ẹyẹ wà hàn yín?”

“Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Àbí mo tún kùn ún lé orí ejò?”

Ojú ti Àjọkẹ́. Ó gbé oúnjẹ náà kalẹ̀, ó jókòó, ó fa ọlọ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ osùn fún un.

Ohun tí mo rí ni mo sọ, ẹ̀yin ará. Bí mo bá fi iyọ̀ sí i, kí ìda bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé pákó ilẹ̀kùn tí Ìbídùn kùn náà kọ́ sí ara ògiri Ilé Olódò níta ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún, òjò sì dé kí ìjó tó gbóná. Gbogbo ènìyàn wọ abẹ́ òrùlé. Ògiri tí Àjọkẹ́ kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí ó ti ń ṣe lọ́dọọdún, ẹfun, osùn, gbogbo rẹ̀ ń wọ́ lọ sínú gọ́tà. Ìbídùn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbọ́ bí omi ti ń dún.

“Ọdẹ́rìndé,” ó ní, “ṣé ó ṣì wà?”

Mo la ẹnu. Kí n tó dáhùn, ó ti na ọwọ́ rẹ̀ sínú òjò, ó ń wá pákó náà.